Ẹni Tí Yóò Wo Eyín Mi

Ẹni tó bá ń dá gbé ló mọ̀ pé ìtọ́tè kì í dúró sójú kan. Èèyàn á tọ́ ọ láàárọ̀, á mu tíì, á bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ díẹ̀ lójú fèrèsé, kó tó mọ̀, ó ti gun eyín iwájú. Ibẹ̀ ni yóò jókòó sí títí di ìrọ̀lẹ́. Dígí kì í sọ fún èèyàn, torí pé ẹnu pípadé ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wo dígí. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ń sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: mo ní ẹnì kan tó máa ń wo eyín mi, mo jẹ́ kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì wá a lọ.

Nígbà tí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, yàrá kan ṣoṣo ni mo háyà ní Kabala Costain. Kaduna ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi, àwọn méjèèjì sì ti padà sílé lọ sinmi. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Mi ò lọ́kọ. Mo yára sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí ọkọ kan tí yóò yọjú níwájú. Kò yọjú.

Yàrá méjì tó dojú kọ tèmi ni ti Ìyá Ìbejì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, Mùsùlùmí ni, aránṣọ ni, ọdún kan náà sì ni wọ́n bí àwa méjèèjì. Ọkọ rẹ̀ ń ta páàtì mọ́tò, èèyàn jẹ́jẹ́ tí í kí èèyàn lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọjá. Àwọn ìbejì obìnrin tí wọ́n bí kò ì tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà náà, wọ́n sì máa ń sùn sórí ibùsùn mi ju ti ìyá wọn lọ.

Òun ló mú mi mọ ìtọ́tè. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́dún náà, ètè mi sì ti là. Ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, ìwọ tí o ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ètè ẹ ti fẹ̀yìn tì." Ó di ọjà àárín ìlú. A bá Hausa kan tó to janbaki sórí páálí, bí wọ́n ṣe ń pe ìtọ́tè lédè wọn nìyẹn. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sí mi lẹ́yìn ọwọ́ níkọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé, "Wannan ya dace da ke," pé eléyìí bá mi mu. Gbogbo rẹ̀ ló bá mi mu lójú tiẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn ọwọ́ mi ti dà bí ìwé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ìyá Ìbejì fi ìborùn rẹ̀ nu gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ó ní, "Haba, malam. Ṣé ọwọ́ ló máa fi rẹ́rìn-ín ni?"

Ètè mi ló ní kí wọ́n ti dán an wò. Ó ń tọ́ ọ, ó ń nù ún, ó ń sọ pé èyí ń jẹ́ kí n jọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀wà elépo, tọ̀hún ń jẹ́ kí n jọ aláìsàn. Ó kan ọ̀kan tó pọ́n bí obì gbàǹja, tó ṣú díẹ̀. Ó kàn gbé dígí kékeré ọkùnrin náà sókè síwájú mi. Mo rí obìnrin kan níbẹ̀ tí ẹ̀rù kò bà. Ẹyọ kan náà la rà fún àwa méjèèjì, a sì ń fi í sórí fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín wa. Ẹni tó bá ń jáde á tọ́ ọ. Òun máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ètè ni, kí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Èmi máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ fà á, kó dagun. Torí náà, orí ìtọ́tè yẹn kò jọ ti ẹnì kankan.

Láràárọ̀ tí mo bá ti tọ́ ọ, tí mo bá ti gbé báàgì, òun a yọ orí síta láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Eyín dà?"

Èmi a fi eyín hàn án. Bí ó bá mọ́, ó di ọwọ́ jíjù pé kí n máa lọ. Bí kò bá mọ́, òun a fi ìka júwe eyín tí ó gun, lára tiẹ̀. Bí òun náà bá ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ tàbí ìpàdé ọmọ ìlú, èmi ni mo ń bi í. Bí a ṣe ń ṣe é fún ọdún bíi mélòó kan nìyẹn, mi ò sì mọ̀ pé nǹkan ni à ń ṣe. Ìkíni àárọ̀ ni mo pè é.

Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìjà ẹ̀sìn tó bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú wa. Ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò sí níbẹ̀, kó dúpẹ́. Nínú ilé tiwa, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Àmọ́ nígbà tí eruku rọlẹ̀, ìlú ti pín ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan fa ilà: àwọn Mùsùlùmí ń kó lọ sí òkè odò, àwọn Kristẹni ń kó wá sí ìsàlẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ Ìyá Ìbejì wá ń pariwo pé kí wọ́n máa bọ̀ ní Ungwan Shanu. Ìjọ tèmi ń sọ fún mi pé ilé ìwé kan ń wá tíṣà ní Gonin Gora. Ọ̀sẹ̀ kan náà la kó.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wá kó ẹrù wọn, ó mú ìtọ́tè náà kúrò lójú fèrèsé. Ó fa òwú ìránṣọ kan já, ó fi pín in sí méjì bí àwọn ọlọ́ṣẹ ṣe ń pín ọṣẹ. Ó fi ìdajì sínú ike róòbù kékeré kan tó ti tán, ó kó o sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìgbà tó bá tán, wá bá mi, ká lọ yan òmíràn." Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún, àwọn ìbejì sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

A kọ́kọ́ ń lọ sọ́dọ̀ ara wa. Oṣooṣù, lẹ́yìn náà bí Iléyá àti Kérésìmesì bá dé, lẹ́yìn náà orí fóònù nìkan. Ọ̀nà jìn díẹ̀, lóòótọ́, ibùdó sójà sì pọ̀ lójú rẹ̀, àmọ́ irọ́ ni màá pa bí mo bá di ẹ̀bi ru sójà. Èèyàn ń ti Gonin Gora lọ sí Abuja lójoojúmọ́ lọ ṣiṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìgbà kan wà tí ó tó oṣù mẹ́ta tí kò pè mí. Mo ní, ó dáa, mo fẹ́ mọ̀ bóyá òun ló máa kọ́kọ́ pè. Agídí ni mo jogún lọ́dọ̀ ìyá mi, mi ò jogún nǹkan mìíràn. Níbi tí mo ti ń dán an wò, wọ́n jí fóònù mi, nọ́ńbà bá a lọ, mo ra láìnì tuntun, mi ò sì gbé ẹsẹ̀. Ọdún mẹ́jọ kọjá. Kì í ṣe pé a jà. Ì bá kúkú jẹ́ pé a jà, à bá rí ẹni tí yóò parí rẹ̀ fún wa.

Mi ò fi ìtọ́tè sílẹ̀. Nígbà tí ìdajì yẹn tán, tí mo ti fi igi ìṣáná ha ìdí ike róòbù títí, mo ń ra tèmi. Àwọn àgbà obìnrin kan nínú ìjọ pè mí sẹ́yìn pé ṣé mo mọ̀ pé ètè pupa máa ń lé ọkọ sá. Mo ní ẹni tí ètè lé sá, kí ni yóò ṣe lọ́jọ́ tó bá gbọ́ ohùn mi? Wọn ò tún pè mí mọ́. Wọn ò tún pè mí sí nǹkan mìíràn náà. Mo wá ní ilé oníyàrá méjì, àga mẹ́rin tí ẹyọ kan ń gbó, àti dígí ńlá kan lára ògiri. Níwájú dígí yẹn ni mo ti ń tọ́tè láràárọ̀, mo sì máa ń fi eyín han ara mi, àmọ́ ní ọjọ́ tí ojú ń kán mi, mo máa ń gbàgbé.

Ọjọ́ Ajé kan ló wá ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo ṣe olórí àdúrà òwúrọ̀ níwájú gbogbo ilé ìwé lọ́jọ́ náà. Mo kọ́ni ní kíláàsì mẹ́ta. Mo bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀, mo bá òbí méjì rojọ́, mo jẹun láàárín àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi, a tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mò ń padà sílé nínú kẹ̀kẹ́, mo rẹ́rìn-ín sí ọmọ kan lọ́nà, ojú mi bọ́ sínú dígí kẹ̀kẹ́ náà. Eyín iwájú mi méjèèjì pọ́n bí ẹni pé mo bu èèyàn jẹ. Láti òwúrọ̀. Gbogbo àwọn èèyàn yẹn ló rí i. Kò sí ìkankan nínú wọn tó sún mọ́ mi débi tó lè sọ ọ́.

Mo wọ ilé, mo jókòó sórí àga tó ń gbó yẹn, mo sì sunkún bí ọmọdé. Kì í ṣe ti eyín. Ó hàn sí mi pé bí mo bá kú sínú ilé yìí, wọn yóò sin mí pẹ̀lú ìtọ́tè léyín, wọn yóò sì sọ pé tíṣà yìí ṣèèyàn. Mo wá pinnu pé màá lọ sí Ungwan Shanu, wọn ì báà pè mí ní alágídí tàbí òmùgọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo kọ́kọ́ lọ sọ́jà. Mo pẹ́ lórí ìtọ́tè. Ọmọbìnrin tó ń tà á ní èyí tí wọ́n ń tọ́ báyìí ni èyí tí kì í dán. Mo ní èmi kì í ṣe ti báyìí. Mo rí àwọ̀ gbàǹja náà nígbà tó yá, mo ra méjì. Mo tọ́ ọ̀kan níbẹ̀, mo tọ́ ọ nípọn. Mo ní bí ó bá ṣí ilẹ̀kùn, kó tó bínú, yóò ti rẹ́rìn-ín.

Mo mọ ilé náà. Ẹnu géètì ṣí sílẹ̀, bàtà obìnrin kún ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé bóyá ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ń ṣe, inú mi tilẹ̀ dùn pé mo bá ọjọ́ ayọ̀ pàdé. Mo kígbe láti ìta, pẹ̀lú gbogbo ohùn tí mo fi ń kọ́ni:

"Ìyá Ìbejì o! Eyín dà?"

Àwọn obìnrin tó jókòó sórí ẹní yí ojú sí mi. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ló dìde, ó ti ga jù mí lọ. Yorùbá ni mo fi kí i, Hausa ló fi dáhùn bí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré.

"Aunty, Baba ya rasu."

Bàbá ti kú. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí ìyá wọn. Aṣọ lásán ló wà lára rẹ̀, kò lé tìróò, kò sí làálì lọ́wọ́, kò sí yẹtí létí. Ó wà nínú opó, èyí tí wọ́n ń pè ní takaba níbí: oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí obìnrin kò ní ṣe ẹ̀ṣọ́ kankan. Kaduna ni wọ́n bí mi sí. Bàtà púpọ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìsí ariwo, ọmọdé ibí mọ ohun tó túmọ̀ sí. Èmi ni mo fi ẹnu pupa kígbe wọlé òkú, pẹ̀lú ìtọ́tè nínú ọ̀rá lọ́wọ́.

Mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi, mo fi nu ẹnu mi. Mo tún nù ún. Mo ń sọ pé, "Ẹ dákun, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún mi." Obìnrin kan nínú àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ pòṣé. Mo ti ń padà sẹ́yìn nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Tíṣà. Wá."

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kó tu ú nínú, kó dá àwọn ọmọ sí. Ó ń ṣe àmín. Ó ní ọjọ́ kẹtàdínlógún nìyí. Ó ní, "Mo ní kí wọ́n pè ọ́. Nọ́ńbà ẹ ò lọ." Ó di àgbọ̀n mi mú, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi níbi tí mo ti fi pupa kùn ún.

"Ta ló ní kóo nù ún? Wò ó, o ti bà á jẹ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn yòókù má baà gbọ́. "Eyín dà?"

Mo fi hàn án, pẹ̀lú omi lójú.

"Ó wà níbẹ̀," ó ní, ó sì fi ìborùn náà nu eyín mi.

Kò gba ìtọ́tè tí mo rà fún un. Ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ títí òun yóò fi jáde opó, kí n má sì ṣí i. Ó ní àmọ́ bí mo bá ń bọ̀, kí n máa tọ́ tèmi, kí ojú òun lè máa ráwọ̀. Mo ń lọ ní Sátidé gbogbo. Obìnrin tó pòṣé yẹn ní kò bójú mu kí ẹlẹ́nu pupa máa jókòó ti opó. Ìyá Ìbejì ní, "Èmi ni ọkọ kú fún. Ẹ jẹ́ kí n ṣe opó mi, kí Tíṣà máa tọ́tè rẹ̀." Ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin yẹn, mo tún ń sáré rìn bí ọmọdébìnrin. Mo fẹ́ sọ òótọ́, ó sì ń tì mí lójú: ọ̀fọ̀ ló wà nínú ilé yẹn, ibẹ̀ ni inú mi sì ti dùn jù láti ọdún pípẹ́.

Lọ́jọ́ tó jáde, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ àǹkárá tuntun tí òun fúnra rẹ̀ rán. A wọ yàrá, a ti ilẹ̀kùn. Mo ṣí ìtọ́tè náà. Ó ní, "Bá mi tọ́ ọ." Mo fi ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ tọ́ ọ bí mo ṣe ń ṣe tèmi, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbà á, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ètè.

"Eyín dà?" mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín. Eyín kan ti kúrò níwájú. Kò tíì rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ lójú mi látìgbà tí mo ti dé, ìyẹn ni mi ò fi mọ̀. Ó ní, "Èyí tó kù ńkọ́?" Mo ní ó mọ́.

Ìgbà yẹn ló wá sọ ọ́. Àwọn ìbejì ti pinnu pé kò ní dá gbé. Èyí tó wà ní Ìbàdàn ló ń bọ̀ wá mú un lọ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á fi ilé háyà. Mo ní ó dáa. Mo ní ọmọ ló yẹ kó tọ́jú ìyá. Mo ní oríṣiríṣi nǹkan tó yẹ kí èèyàn sọ. Kò gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ó ti ń wá òwú.

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, èmi náà ní tèmi nílé. Ìtọ́tè kún ọjà."

"Ta ló sọ̀rọ̀ ọjà?" ó ní, ó sì pín in sí méjì. Ike róòbù tún ni, mi ò mọ ibi tó ti rí i.

Kò fẹ́ràn fóònù onídígí. Èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí ló ń lò, kò sí bí a ṣe lè rí ara wa níbẹ̀. Àmọ́ láàárọ̀ kí n tó jáde, ó máa ń pè. Mo ti tọ́tè nígbà náà, mo ti gbé báàgì, mo dúró láàárín àga mẹ́rin mi.

"Tíṣà. Eyín dà?"

Mo máa ń fi hàn, sí ògiri.

"Ó mọ́," á ní láti Ìbàdàn. "Máa lọ."

Lánàá, mo wo dígí kẹ̀kẹ́ lọ́nà ilé ìwé. Eyín mi kò mọ́. Mi ò nù ún.